Ẹni Àkọ́kọ́ Tó Bi Ọ́ Léèrè

Meerkan ọmọ mi, bí o bá ti ń ka ìwé yìí ní Bishkek, jọ̀wọ́ dìde dúró ná, nítorí ìkíni àwọn àgbà ló ṣáájú, tìrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ kí Màmá Klavdia, onílé rẹ, tí wọ́n ti lo ọdún méjìlélọ́gọ́rin lókè eèpẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn ilé alájà márùn-ún. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí orúnkún wọn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Mo kí ọ̀gá yín ní báńkì, tí mo gbọ́ pé ó sanra dáadáa, èyí tó yẹ ẹni tó ń ṣọ́ owó ìlú. Mo kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì, kí gíláàsì náà má fọ́, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má sì tán.

Ibẹ̀ ni mo dé tí mo fi kálámù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nítorí ìkíni ti kan olùkọ́ rẹ tuntun, Ìyáàfin Perizat. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń pín ẹran àgùntàn níbi àsè ní abúlé yìí. Èmi ni mo mọ ẹni tí orí tọ́ sí, ẹni tí egungun ìbàdí tọ́ sí, àti ọmọdé tí yóò gba etí tí yóò sì dúpẹ́. N kò fún ẹnikẹ́ni ní egungun tí kò tọ́ sí i rí. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí n óò fi obìnrin yìí sí. Olùkọ́ ni, ó yẹ kó wà lókè. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì ni, fìlà tí mo dé yìí gan-an dàgbà jù ú lọ. Mo wá kí i níbí, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ àti ìwọ, kó má bínú.

Ní ìkẹyìn mo kí ìwọ fúnra rẹ, Meerkan, ọmọ tí a bí nígbà tí yìnyín bo ẹnu ọ̀nà, tí a gbé agbẹ̀bí gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? O lè jókòó báyìí.

Ilé dára. Màlúù pupa bí akọ. Mo lọ sí ìlú At-Bashy lọ gba owó ìfẹ̀yìntì mi lọ́wọ́ ẹ̀rọ báńkì yín tó wà lára ògiri. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo kí i, mo sọ fún un pé èmi ni bàbá Meerkan. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Mo dúró. Ó kó owó fún mi tán, ó sì tún bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan mìíràn. Mo ní rárá, ó ṣeun, kó sáà bá mi kí ọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń pòṣé, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn nílé. Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, mo sì ń rò ó pé, irú iṣẹ́ ọlọ́wọ̀ báyìí ni ọmọ mi fẹ́ fi sílẹ̀?

Nítorí mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní bí o bá jí láàárọ̀, o kò mọ ìdí tí o fi ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé onígbèsè títí ilẹ̀ fi ń ṣú. O ní ní ìparí oṣù yìí ìwọ yóò kúrò ní báńkì, pé ò ń wá ohun tí o wá ṣe láyé, àti pé gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ ń pàdé ní kíláàsì Ìyáàfin Perizat láti wá a. Gbogbo ìyẹn ni mo kà láì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ọ́ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́, tó sì dákẹ́ títí o fi dáhùn.

Gbólóhùn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹni àkọ́kọ́! Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Bí o bá rí mi báyìí, wàá ka egungun ìhà mi láti òdìkejì odò. N kò sọ pé obìnrin náà kò mọ iṣẹ́ o. Ọlọ́gbọ́n ni, ọmọ rere ni, ìyá tó bí i kú iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó lè dákẹ́, ọgbọ́n wo ló tún kù tí yóò kọ́? Èmi tí mo ti ń gbà ọ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí o ti ń rákò, ẹnikẹ́ni kò pè mí sí Bishkek.

Ìwé ìbéèrè tí ó fi rán ọ sí àwa òbí dé pẹ̀lú lẹ́tà náà, mo sì jókòó tì í bí ó ti yẹ. Èkíní ní, Ta ni ọmọ yín? Mo kọ orúkọ bàbá rẹ, bàbá bàbá rẹ, títí ó fi pé bàbá méje bí ìlànà wa. Àyè kò gbà wọ́n, bàbá kẹfà àti ìkeje gba ẹ̀gbẹ́ ìwé lọ sókè. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí a kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé kí a má dárúkọ bàbá, abúlé tàbí iṣẹ́. Meerkan, bí a bá yọ bàbá, abúlé àti iṣẹ́ kúrò lára ènìyàn, ta ló kù níbẹ̀ tí a óò kí? Èkejì ní, Kí ló ń mú inú rẹ̀ dùn? Mo kọ ọ́ pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀kẹta ní, Kí ló wá ṣe láyé? Mo kọ ọ́ pé ó wá mú orúkọ wa gòkè. Mo wá kó ìwé náà lọ bá Osmonaly akọ̀wé ní ilé ìjọba abúlé, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́ nílùú?

Osmonaly yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, Bàbá Jumadyl, òun lè lu òǹtẹ̀ mọ́ ti ìbí, òun sì lè lù ú mọ́ ti ikú, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín méjèèjì ju agbára òun lọ, kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì àgbègbè. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ gbọ́ ná, ṣé ọmọ yín ti lọ gba bàbá tuntun nílùú ni, èyí tó ń wọ síkẹ́ẹ̀tì? Mo gba ìwé mi, mo jáde. Àgbà kì í bá akọ̀wé jà nígbà tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà bọ̀ sílé, mo sọ fún ara mi pé ohun tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lè ṣe, èmi yóò ṣe é jù ú lọ. Mo bá ìyá rẹ níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Mo jókòó, mo ní, Sayra, kí ni o fẹ́? Ó ní òun fẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ òun. Mo ní rárá o, láyé ni mo wí. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní ṣé kò sí ibi tó ń dùn mí, kí òun pe nọ́ọ̀sì. Mo dákẹ́. Ọmọ mi, gígun ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ rọrùn ju ìdákẹ́ lọ. Òwe mẹ́ta ló dé góńgó ahọ́n mi, mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì.

Kí tíì tó tutù nínú ife, ó ní òun fẹ́ sin kòkòrò oyin. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé nípa kòkòrò oyin ni òun ń kà lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn mi wá tọrọ òun, òun tilẹ̀ ti wọn ibi tí àpótí mẹ́wàá yóò dúró sí lẹ́yìn ilé bàbá òun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń yin obìnrin yìí níbi gbogbo àsè, mo yin tíì rẹ̀, mo yin sùúrù rẹ̀, mo yin ọwọ́ rẹ̀, n kò gbọ́ kòkòrò kan rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, Bàbá Meerkan, nígbà wo? Ṣé ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ìgbà tí ẹ ń mí kí ẹ lè tún sọ̀rọ̀?

Owú mi wá di méjì: mo ń jowú Perizat nílùú, mo tún ń jowú kòkòrò nílé.

Nígbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́. Ó ní ṣé mo rántí ọdún Nooruz, àjọ̀dún ìgbà ìrúwé wa, tí a rí ọ nínú fóònù Osmonaly. Ta ni yóò gbàgbé? Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo fi bá ọ sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé ayé ire, o sì tẹjú mọ́ mi, o kò mira, o kò ṣẹ́jú, o kàn la ẹnu díẹ̀. Mo pe gbogbo ilé pé ẹ wá wo ọmọ tí mo tọ́, ẹ wá wo bí ó ti ń gbọ́ràn. Ìyá rẹ ní àwòrán ló dì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já kí n tó kí ọ tán, pé ojú ló ti òun láti sọ ọ́ fún mi níwájú àlejò. Mo ní ẹnu rẹ tó là díẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó ní ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Meerkan, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Mo ti fi ìwé ìbéèrè náà sínú lẹ́tà yìí. Mo fa igi lé ìdáhùn kejì àti ẹ̀kẹta, nítorí mo rí i pé n kò mọ̀ wọ́n. Àwọn bàbá méje ni mo fi sílẹ̀, àwọn yẹn kò ṣe é fa igi lé. Bí owó oṣù rẹ tó kẹ́yìn bá dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra àpótí kòkòrò oyin kan. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́, kó lè jẹ́ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ohun tó fẹ́ fún un. Fi owó ìpè díẹ̀ sórí fóònù Osmonaly pẹ̀lú.

Mo fẹ́ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì kí n súre fún ọ bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n èmi tí àdúrà kì í tán lẹ́nu mi kò mọ ohun tí n óò tọrọ. Kí òtútù má mú ọ, kí ẹni rere máa pàdé rẹ, kí Perizat pàápàá, ẹ jọ̀wọ́, rí ire tirẹ̀: èyí ni mo lè tọrọ láì mọ ibi tí ò ń lọ. Èyí tó kù, ọwọ́ mi wà ní títẹ́, ó dúró de ìgbà tí o bá sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, Jumadyl.

Jẹ́ kí n parí rẹ̀ bí mo ti ń parí ọ̀rọ̀ níbi àsè: ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò, mo dúpẹ́ pé ẹ fetí sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti fún wàrà tán, a óò wà nídìí fóònù, ìyá rẹ àti èmi. Ọ̀rọ̀ tèmi parí síbí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn báyìí ni Meerkan, ọmọbìnrin ilé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ fún un.