Ta Ni Yóò Fún Un Ní Òmìnira?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Hàjàrá, ayálégbé mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn pè mí ní ìyá àgbà kan ní Changli, ní Tamale níbí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin fi ọdún mẹ́ta kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe òrí. Nígbà tó parí, ìwé lásán ni wọ́n fún un. Ọ̀gá kankan kò fọwọ́ lé e lórí, kò ṣàdúrà òmìnira fún un. Mo gbé obì àti ṣúgà lọ síbẹ̀ láti fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó wá ṣe é. Máígádì ní, "Màmá, ọ̀gá wo? Mẹ́fà ló kọ́ ọ, méjì ti kúrò níbí."

Wàyí o, ilé iṣẹ́ kan ní Tema ń retí rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Mo ti gba ìwé tí wọ́n fún un pa mọ́ títí ọ̀gá kan yóò fi súre fún un. Ó ní, "Màmá àgbà, wọn ò ní dúró dè mí o." Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ tí ọ̀gá kò súre sí máa ń gbèrú? Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo nínú àwọn mẹ́fà ni kí n lọ bẹ̀?

Hàjàrá, èyí kì í ṣe ara lẹ́tà o: lọ sọ fún Àlùfáà Àbdùsàlámì ní Kukuo kó múra sílẹ̀. Bí ọ̀gá kankan ò bá yọjú títí Sọ́ńdè, òun ni yóò fọwọ́ lé e lórí. Má tíì sọ fún ọmọ náà.