Abọ́ Fọlárìn

Ìyá mi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Ọ̀la ni Saint-Valentin, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́. Etí ọ̀sà ni èmi àti Fọlárìn, àfẹ́sọ́nà mi, fẹ́ ti jẹun, kí owó wa lè ká a. Ṣùgbọ́n àwọn sójà mú un lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni.

Ẹnu ọ̀nà àgọ́ wọn là ń gbé oúnjẹ lọ. Bí abọ́ bá padà lófìfo, a mọ̀ pé ẹni wa wà láàyè. Lánàá, ọbẹ̀ mi padà bí mo ṣe bù ú. Sójà ẹnu ọ̀nà ní, "Mademoiselle, ó jọ pé ọbẹ̀ rẹ kò dùn o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́la, ẹja díndín ni mo máa gbé lọ. Bóyá ọbẹ̀ ni kò wù ú jẹ.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn.

Ìbídùn yín,
Àjàṣẹ́, Èrèlé 1973