Bàbá, Mi Ò Gba Kọngílá Méjèèjì Gbọ́

Bàbá mi, ẹni tí mi ò lè kúnlẹ̀ kí láàárọ̀ mọ́,

Orí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé gé awọ ni mo wà, nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òórùn awọ kò tíì kúrò lára ògiri yàrá yín. Ìròyìn tí mo ní fún yín kì í ṣe kékeré: a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú agboolé, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Ràṣídì, ọkọ Sìdí àbúrò mi, àna yín.

Ẹ mọ̀ bí kànga àtijọ́ ṣe máa ń gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, adágún ọ̀nà oko ni Ìyá ti ń pọnmi. Wọn ò rí nǹkan kan lára wọn nígbà náà. Bí sòbìà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Bàbá: omi ọdún kan lèèyàn ń mu, ọdún kejì ni aràn náà ń yọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí ó yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ Ìyá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ́ ara wọn lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé wọn ò tún ní fẹnu kan omi adágún láyé wọn. Ṣùgbọ́n owó tí gbogbo ilé kó jọ, kànga kan ṣoṣo ló tó. Pẹ̀lú bí ètò Sáàpù tí ìjọba gbé dé ṣe sọ ohun gbogbo dọ̀wọ́n, bí a bá fún olè, ó parí nìyẹn.

Ràṣídì, tó ń pe ara rẹ̀ ní kọngílá kànga, ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé obì wá fún Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó jẹ́ olórí ilé báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ jẹ́ kí n fi kànga yìí ṣe ọ̀wẹ̀ àna mi. Bàbá kú, mi ò kọ ebè kan ṣoṣo fún wọn. Owó páìpù àti ti ẹ̀rọ tí a máa háyà nìkan ni kí ẹ kó wá.”

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi nìkan ni mi ò lè ṣe é. Mo ń wò ó pé páìpù àti ẹ̀rọ ni ìnáwó kànga, kò sí òmíràn. Kí ló wá kù tó fi ta wá lọ́rẹ? Ó tún yá a lára láti tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, ó ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ á ti rí àyè wọlé. Kò béèrè irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín pé ẹ rán mi lọ sí yunifásítì, òkúta ni mo lọ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òkúta náà kọ́ mi. Kò sí odò kankan lábẹ́ Ọ̀yọ́. Àpáta ló wà níbẹ̀. Lórí àpáta yẹn ni èyí tó ti jẹrà wà, tó rí wóróworó bíi gàrí. Inú rẹ̀ ni omi òjò máa ń rọra wọ̀ sí, àti inú ibi tí àpáta líle bá ti sán. Níbì kan àpáta jíjẹrà yìí jìn, ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i kò jìn rárá. Ìdí nìyẹn tí kànga aládùúgbò fi lè kún kí tiwa gbẹ. Mo gbé ẹ̀rọ wá láti ibi iṣẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi wáyà rán iná díẹ̀ sínú ilẹ̀, mo wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Ibi méjì ló jọ pé ó dára: ẹ̀yìn yàrá Ìyá, àti iwájú ilé lẹ́bàá igi odán. Ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ mi náà kì í búra ṣá o. “Ó ṣeé ṣe” lòpin ohun tó mọ̀ ọ́n sọ.

Mo ní kí Ràṣídì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fa pọ́ńpù ibẹ̀, omi tú jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yà lọ kí ẹnì kan, mo bi obìnrin kan tó ń pọnmi pé ta ló gbẹ́ kànga náà.

Ó ní, “Àwọn òyìnbó kan ni. Ó ti pẹ́.”

“Ọkùnrin tó bá mi wá yìí ńkọ́?”

“Ta? Onísípánà? Nọ́ọ̀tì pọ́ńpù lásán ló ń bá wa dè!”

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fi Sìdí fún un, Bàbá. Awọ ewúrẹ́ lásán, ẹ kì í rà á láì yí inú rẹ̀ síta. Kí lẹ rí lára ọkùnrin yìí nígbà náà?

Mo ròyìn fún Bàbá Kékeré. Wọ́n dá mi lóhùn.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n máa ń ka ebè lẹ́yìn ọ̀wẹ̀ àna ni? Oúnjẹ là ń gbé fún wọn, à ń ní wọ́n kú iṣẹ́. O fẹ́ kí àbúrò ẹ kó ẹrù wálé?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ tí a gbà bí ọ̀wẹ̀, a ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ààbò wo ni oníjìbìtì tún ń wá tó ju ìyẹn lọ?

Mo lọ bá kọngílá kejì ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀gá Ọláníyì, ọkùnrin kúkúrú tí kì í kí èèyàn délẹ̀. Mo ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí.

Ó ní, “Èyí tó lómi àbí èyí tí kò lómi?”

Kò sí kọngílá tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dé ihò. Ó fẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀. “Ibí yìí, àpáta ló nà wá. Ẹ bi onílé.” Mo bi onílé, ó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ògbójú òpùrọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi òtítọ́ kékeré ṣe ìjẹ fún irọ́ ńlá. Mo so irin mọ́ okùn, mo jù ú sínú kànga rẹ̀ kan tó lómi, mo fi gígùn okùn wé ohun tó sọ fún onílé. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ ìwé. Gígùn náà pé.

Báwo ni mo ṣe máa yọ Ràṣídì kúrò láì já Sìdí sójú ọ̀nà? Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Mo ní ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́, ṣé agbára apá kọ́ ni? Ẹ̀rọ ò lè dé ẹ̀yìn yàrá Ìyá láì wó ògiri. Kí àna wa kó ọ̀rẹ́ wá, kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì tún un mọ. Ọ̀wẹ̀ gidi nìyẹn. Kí a wá fowó gba ẹlòmíràn fún ihò, ẹni tí a lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín sínú. Ràṣídì gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le sí mi.

Nígbà tí Ọ̀gá Ọláníyì kó ẹ̀rọ dé ẹ̀yìn yàrá Ìyá, mo fi ọ̀dà sàmì sára páìpù kọ̀ọ̀kan, nítorí mo ti rí ibi tí páìpù ti ń padà sínú ọkọ̀ nígbà tí onílé ń jẹun. Mo ní kí wọ́n máa kó erùpẹ̀ tó ń jáde sórí ẹní, lókìtì lókìtì, bó ṣe ń jáde. Pupa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà funfun bí ẹfun. Lẹ́yìn èyí ó yẹ kí a rí wóróworó. A ò rí i. Eruku àpáta dúdú ló ń jáde, ó gbẹ fúúfúú.

Bí ihò bá ṣe jìn tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ó lè máa lù ú lọ. Ó sì lè da omi sí i lẹ́yìn mi, kó pè wá pé ẹ wá wò ó. Wọ́n ń ṣe é káàkiri. Ó pa ẹ̀rọ. Ó nu ojú.

“Kò sí nǹkan ńbí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.”

Ràṣídì, tó ń po amọ̀ ògiri, ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bu eruku mu! Ká ní èmi ni, ẹ ò bá ti máa wẹ̀ láti ìjẹta.”

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìtìjú bò mí. Ìyá sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀ tí a fi aṣọ dì.

Ìyá ní, “Ọkọ Sìdí, ìwọ ò lè sọ fún mi láé pé kò sí. Ẹni tó lè wo ojú mi sọ pé kò sí, bó bá ní ó wà, màá mu ún.”

Àwọn ará ilé gbà, nítorí ihò àkọ́kọ́ kò jìn, owó tó kù ṣì tó ìkejì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́bàá igi odán. Pupa jáde, funfun jáde, wóróworó náà jáde, ó tutù lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n máa fa omi láti àárọ̀ títí di àsárì. Omi lọ sílẹ̀ nínú ihò, ó dúró síbì kan, kò lọ mọ́: omi inú ilẹ̀ ń rọ́pò èyí tí a ń fà. Ràṣídì parí ògiri. Mo fojú wò ó dáadáa, ó tọ́. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lẹ wò, Bàbá, tí ẹ ò wo ẹnu rẹ̀?

Mo bu omi sínú ìgò láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́, mo sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má tíì mu ún. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, Ìyá ti mu ife kan tán, wọ́n ń bu òmíràn. Mo ní, “Ìyá, mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò!” Wọ́n na ife kejì sí mi. Mo mú un dání fún ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń wò mí.

Mo mu ún.

Kí Ọlọ́run fi ibi tútù tẹ́ ẹ̀yìn yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó kọ́ òkúta, tó sì ń fẹ́ràn yín síbẹ̀.