Mo Kọjá Lára Gìrìpá

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní ọsibítù lánàá. Gìrìpá yín ń rẹ́rìn-ín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Nǹkan ẹ̀rín kan tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo wọ wọ́ọ̀dù, mo ń wá ọkùnrin tó máa ń dá gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Mo kí bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," mo sì kọjá. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin yàrá kí n tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Àǹtí mi, ẹ ti kọjá mi o."

Mo ta gìrì. Bàbá arúgbó yẹn ló ń nawọ́ sí mi. Màámi, ohùn yẹn nìkan ni mo dá mọ̀.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mo fẹ́ lọ fọwọ́, mo sì pẹ́ díẹ̀ ní balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bá mi níbẹ̀, ó bu omi fún mi, ó ní kí n máa jẹun kí n tó wá, kí n má sì máa dá wá. Ọ̀gá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù yóò tẹ̀ lé mi lọ́la.

Fọ́tò Gìrìpá tí ẹ bèèrè, wọn kì í jẹ́ ká ya fọ́tò ní wọ́ọ̀dù.

Ó ní kí n kí yín, ó ní ọbẹ̀ yín ń wu òun. Ẹ bá wa kí Bàámi. Fọ́tò fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà yìí, kí ẹ lè rí bí oòrùn ṣe ń wọlé tọ̀ ọ́ yòò.

Èmi ọmọ yín.