Ibi Tí Ọwọ́ Bàbá Dé Lára Ọkọ̀ Funfun

                                                  Ojúlé Kẹtàlá,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Epo,
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Kánjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé o kò ní sinmi, nítorí láti kékeré ni o kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bí o bá ń ronú nípa tiwa, ara wa le, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ máa ń wúwo láti gbé wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ìyá mi ń jẹun, ó sì ń sùn díẹ̀díẹ̀. Mo tún kí ọ kú ará fẹ́ra kù. Bàbá tó bí mi ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fífọ ọkọ̀ àti mímú un dán, àwa méjèèjì la jọ ṣòfò.

Jọ̀wọ́ má bínú pé láti oṣù márùn-ún tí Bàbá ti lọ, orí fóònù nìkan ni mo ti ń dá ọ lóhùn, tí n kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. O bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti lo ìgò tí o fi ránṣẹ́, mo sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá ń wo ojú rẹ, n kò ní lè sọ ọ́ parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àti gègé.

O kò ní gbàgbé àríyànjiyàn ìwọ àti Bàbá lórí ọkọ̀ funfun rẹ̀. Ìwọ ní síláǹtì inú ìgò, omi tí wọ́n fi ń bo ojú ọ̀dà, ló yẹ ẹ́, nítorí gbangba ìta ni ọkọ̀ náà ń sùn, pé oòrùn á ti yọ́ ìda tí Bàbá fi ń pa á kúrò lára rẹ̀ kí oṣù méjì tó pé, nígbà tí síláǹtì á lo ọdún kan gbáko. Bàbá ní ike tí wọ́n sọ di omi ni, pé òun kò ní fi ike pa ọkọ̀ òun lára. Ó ní ìda máa ń mú kí funfun tutù lójú bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sá, ṣùgbọ́n ike tìrẹ a máa dán gbinrin bí àwo ilé ìwòsàn. Ìwọ náà fèsì pé ìda ló ń mú kí ọkọ̀ funfun pọ́n bí eyín arúgbó. Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ ní Kánjú, tó sì sọ mí ní Afẹ̀sọ̀ṣe nítorí pé mo dákẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tìrẹ ni mo gbà. Pé abọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Nígbà tí ìgò náà dé láti ọ̀dọ̀ rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìda rẹ̀, ó ní kí aláǹgbá máa fi ṣe dígí. Àmọ́ ó máa ń nu eruku orí rẹ̀ o, mo rí i.

Ọjọ́ Sátidé ló kú, ìyẹn o mọ̀. Ó fọ ọkọ̀, ó nù ún gbẹ, ó ṣí agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìda pa á láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gba ti ilẹ̀kùn awakọ̀, ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wá ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Ó ká àkísà rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí agolo, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo fi máa bu omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò dáhùn mọ́. Èyí ni mo sọ fún ọ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, gbogbo wa fẹnu kò pé a kò ní ta ọkọ̀ náà. Bí mo bá ti ń wò ó nínú oòrùn ni ọ̀rọ̀ rẹ ń padà sí mi lọ́kàn. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá fi tọ́jú ọ̀dà yẹn. Mo ní kò gbọdọ̀ ṣá lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń fi ìda sí i, kí n tó ṣẹ́jú, á ti lọ, ọwọ́ mi ò sì yá tó ti Bàbá. Mo wá pinnu pé n ó fi ìgò tìrẹ dì í pa, kí ó lè pẹ́. Ìfẹ́ ló sún mi ṣe é, Kánjú. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí o tó ka èyí tó kù.

O mọ̀ pé síláǹtì kì í dì mọ́ ara ìda. Bí ìda bá wà lábẹ́ rẹ̀, bíbó ni yóò máa bó. N kò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù lára ọkọ̀ bàbá mi. Mo dúró di ọjọ́ tí ìyá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó lè padà wá bá a ní dídán. Mo fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi amọ̀ tí a fi ń fa ìdọ̀tí yọ gbogbo àmì ìpẹtà kéékèèké tí kì í fara sin lára ọkọ̀ funfun. Mo fi sípíríìtì nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo wá ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo wá abẹ́ dígí, àwọn ibi tí àwọn Kánjú ayé máa ń fò. Mo wá pa síláǹtì náà sí i, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì nù ún. Ìwọ lo jàre, kò pọ́n rárá. Ó funfun débi pé mo ń ṣẹ́jú.

Ìyá mi dé, ó wò ó, ó ní ó mà mọ́ o. Inú mi dùn wọ oorun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń tú okùn omi lọ́wọ́ nígbà tó jáde tòun ti ife omi rẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni mo ti ń rí i pẹ̀lú ife yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀. Mo rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀ dànù. Ó da omi díẹ̀ sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Omi náà ṣù róbótó-róbótó, ó ń yí lọ sílẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó tún dà á, omi tún ṣù. Ó lọ sí búùtù, bákan náà ni. Ó wá gbé ife sílẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo fi sí i. Mo ṣàlàyé pẹ̀lú ìgbéraga oníṣẹ́. Ó ní èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mo ní mo ti bó gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá jókòó sí. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le. Ó ní òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni òun fi rí i. Láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi ṣù lára ọkọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní ibi tí omi ti yí padà yẹn ni ọwọ́ bàbá mi dé kí ó tó jókòó, òun sì ti ń fi ife omi wá a wò láràárọ̀, nítorí ojú lásán kò lè rí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mo rò pé o mọ̀ ni. Ṣebí oníṣẹ́ ni ọ́."

Kánjú, mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ó yẹ kí n mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń da omi sára ọkọ̀ oníbàárà láti mọ ibi tí ìda kù sí, ṣùgbọ́n n kò ronú kan ti bàbá mi. Ká ní ọ̀lẹ ni mí, tí mo kàn fọ̀ ọ́ lóréfèé, ìba díẹ̀ ì bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi ni mo fi nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo sáré gbé agolo ìda rẹ̀ jáde, mo ní n ó tún un ṣe dé ibi tó dé. Ìyá mi ní ìda nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àti pé n kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo máa dúró sí mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fún odidi oṣù méjì, kò gbé ife náà jáde. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ń gbà jáde kí ó má baà gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá. Bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn dáadáa, á gbé oúnjẹ fún mi, á sì wọlé. Ó sàn kí ó bú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ó pè mí láàárọ̀. Ó dúró ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ìka kan ojú ibì kan, nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò wá a kiri. Ó ní, "Ibí ló dé." Ó wá bi mí bóyá ohun tí mo fi sí i ṣeé bó láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Mo ní ó ṣeé bó.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, nítorí ohun tí o fi ránṣẹ́ le bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́, láti ojú ìka rẹ̀ dé búùtù, dé òdìkejì. Nígbà tí mo parí, ó gbé ife jáde, ó da omi sí i. Iwájú ṣù, ẹ̀yìn tẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló dúró." Láti ọjọ́ náà kò tíì pa àárọ̀ kan jẹ.

Báyìí ni ọkọ̀ funfun ṣe wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, apá kan dán, apá kan kò dán. Ẹni tó ń lẹ táyà níwájú wa bi mí bóyá ìgò ló tán ni àbí agbára. Oníbàárà kan wò ó lánàá, ó wo pátákó wa, ó sì wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì fi ọwọ́ pa orí ọmọ fún mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó ní kí o rọra máa gbé nǹkan tó wúwo. Kò bínú sí ìgò rẹ, má fi ìyẹn sọ́kàn. Èyí tó kù nínú rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ níbi tí Bàbá gbé e sí, mo sì ń nu eruku orí rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ rẹ, o kò lè rí iṣẹ́ àbọ̀ kí o má wá àkísà. Bí o bá wálé, tí o sì rí ọkọ̀ náà, jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi, má bá mi parí rẹ̀.

                                                  Èmi ni, tìrẹ títí,
                                                  Afẹ̀sọ̀ṣe
                                                  (bí orúkọ náà bá ṣì yẹ mí).