Bisimilahi Lára Ìwé Iwin

Jímọ̀, oṣù kẹta, 1996

Mo lọ sílé wa ní Ọjà Tuntun lónìí láti kó ìwé iwin mi. Láti kékeré ni mo ti ń kó wọn jọ bí wọ́n ṣe ń jáde, n ò fo ẹyọ kan: òkú tó ń kanlẹ̀kùn, àǹjọ̀nú inú kànga... Bàbá máa ń halẹ̀ pé òun á dà wọ́n sí ààtàn. Ni mo bá fi bírò kọ Bisimilahi ní Lárúbáwá sí iwájú gbogbo wọn. Ta ló máa jù ú nù?

Ìyàwó bàbá mi ń dáná nígbà tí mo béèrè wọn.

"Sìdí, mo ti sun wọ́n. Ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run lára, ṣé ààtàn la máa jù ú sí ni? Sísun la máa ń sun ún."

"Ti Ràfíù ọmọ yín ńkọ́?"

"Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sí Bisimilahi lára ẹ̀. Ó wà ní yàrá."

Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

Kí n tó máa lọ, mo yà sí yàrá. Mo kọ Bisimilahi sí gbogbo ìwé Ràfíù, gàdàgbà. Ìdánwò rẹ̀ ti dé tán.

Iná ṣì wà lójú àdògán. Kó máa sun tiyẹn náà lọ.