Bí Mo Ṣe Gé Orúkọ Àwọn Ará Ofè

Romaric, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò le jù? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Savè.

Àbúrò, ọkàn mi ò balẹ̀. O rántí ètò kọ̀ǹpútà tí o kọ́ mi fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa? Èmi ni mo ní kí Germaine, akọ̀wé wa, tẹ orúkọ ìlú ṣáájú orúkọ èèyàn láìfàyè sílẹ̀. Mo wá ní kí ẹ̀rọ gé e lẹ́yìn lẹ́tà kẹfà, kó lè ku orúkọ èèyàn nìkan, torí ìlú Kaboua tó ní lẹ́tà mẹ́fà ni mo fi dán an wò. Mo gbàgbé pé mẹ́ta péré ni lẹ́tà ìlú Ofè, ẹ̀rọ á sì gé lára orúkọ èèyàn. Lọ́jọ́ tí a pín ajílẹ̀, "Satou" là ń pè. Ìyá àgbà Aïssatou, ará Ofè, ò mọ̀ pé àwọn ni, wọ́n jókòó títí ajílẹ̀ fi tán.

Ìyá náà wá ní, "Ta ló bẹ́ orúkọ mi lórí bí ẹni bẹ́ iṣu?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n alága yíjú sí Germaine: "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Má padà wá síbí mọ́."

Mo wà níbẹ̀. Mi ò lanu.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé, mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí wọ́n lè pe Germaine padà. Kí Ọlọ́run dá yín sí. Bá mi gbàdúrà. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ bá mi tún ètò náà ṣe, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́. Mo mọ ara mi: bí mo bá rí i tún ṣe ní kọ̀rọ̀, màá tún dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dieudonné